Sọ́véyọ̀ tó bá wa pín ilẹ̀ bàbá àgbà ní Mọ́níyà: bí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe rí lójú mi

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, ó máa gùn díẹ̀. Iṣẹ́ sọ́véyọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹni tó bá ẹbí wa pín ilẹ̀ tí bàbá àgbà wa fi sílẹ̀ ní Mọ́níyà, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ síbí torí mi ò tíì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo bó ṣe ṣiṣẹ́ ni mo máa sọ, ibi tó ti ṣe dáadáa àti ibi tí ò ti tẹ́ mi lọ́rùn, kí ẹni tó bá fẹ́ gba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè mọ ohun tó yẹ kó béèrè. Tí ilẹ̀ ẹbí bá wà lọ́wọ́ yín tó jẹ́ pé ọdọọdún lẹ ń ṣèpàdé lé e lórí, tí ariwo sì ń tú ìpàdé ká, ẹ̀yin gan-an ni mo ń kọ ọ́ fún. Nínú máàkì márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún un.

Ilẹ̀ yẹn, oko ni tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gẹ́ àti ọsàn ni bàbá àgbà ń gbìn, odò kékeré kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀ níbi tí àwọn ìyá wa ti máa ń gbin ẹ̀fọ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni jà sí i nígbà yẹn. Àfìgbà tí wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ní 2021, tó jẹ́ pé Mọ́níyà níbí ni ọkọ̀ ọ̀hún ń parí sí, làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ kiri lágbègbè yẹn, owó ilẹ̀ gbéra, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wá di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ nínú ẹbí. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá àgbà fẹ́, wọ́n bí ọmọ mọ́kànlá fún un. Ìyàwó àkọ́kọ́ bí márùn-ún, ìkejì bí méjì, ìyàwó kékeré tó jẹ́ ìyá tó bí màmá mi bí mẹ́rin. Àwọn kan ti kú nínú wọn, àwọn ọmọ wọn ló dúró nípò wọn, àwọn kan wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní Manchester. Ẹ wo bí ẹnu ṣe máa pọ̀ tó.

Ẹni tá a kọ́kọ́ pè kí èyí tó dé, téèpù ló kàn gbé wá. Ó gé gbogbo ilẹ̀ náà sí pílọ́ọ̀tì ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ sí àádọ́ta, ọgbọọgba, ó gbowó ẹ̀, ó lọ. Ìgbà tá a wá wo pílánì yẹn dáadáa la rí i pé àwọn pílọ́ọ̀tì kan wà níbẹ̀ tí kò lójú ọ̀nà rárá, àwọn kan wà nínú àbàtà, láìnì kan tiẹ̀ gba orí sàréè bàbá àgbà kọjá. Gbogbo ẹ̀ dọ́gba lórí bébà o, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gba ojú omi ní ogún kí ọmọ ìyá ẹ̀ gba ojú títì? Ìjà ọdún yẹn ò kéré. Àwọn kan ò kí ara wọn mọ́ níbi ìnáwó.

Ọjọ́ tí sọ́véyọ̀ tí mo ń sọ yìí kọ́kọ́ wá, kò gbé irinṣẹ́ kankan dání, ìwé àti bírò ló mú wá. Ó jókòó síwájú ilé bàbá àgbà, ó kí àwọn àgbà tán, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ìdí mélòó lẹ jẹ́? Ta ni olórí ẹbí? Àwọn wo ló ti kú, ta ló dúró fún wọn? Ta ló ti kọ́lé síbẹ̀, ta ló sì fún un láṣẹ? Ṣé ẹnì kan ti ta níbẹ̀ rí? Nígbà tó wá dé orí pé ṣé ìdí-igi lẹ fẹ́ fi pín in àbí orí-ò-jorí, gbogbo ilé dákẹ́, kò pẹ́ kò jìnnà ariwo sọ. Ó jẹ́ kí wọ́n pariwo tán, ó pa ìwé ẹ̀ dé, ó ní "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ lọ parí ìyẹn ná. Èmi ò lè bá yín yan èyí, iṣẹ́ tèmi ni kí n wọn ilẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ síwèé ni màá gbé irinṣẹ́ dé." Ó sì lọ lóòótọ́, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ yẹn. Àwọn kan nínú ẹbí bínú pé ó ń ṣe àṣejù, pé ṣé sọ́véyọ̀ ló máa wá kọ́ wa ní ogún pínpín ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi ibẹ̀ gan-an ló ti gba máàkì tó pọ̀ jù lọ, torí gbogbo àwọn tó ti wá ṣáájú, wíwọ̀n ni wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìjà tó wà nínú ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ìjà téèpù.

Fún àwọn ọ̀dọ́ tí ò mọ bó ṣe ń lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tẹ́ ẹ bá fi ìdí-igi pín in, gbogbo ọmọ tí ìyàwó kan bí ló jọ máa gba ìpín kan, iye yòówù kí wọ́n jẹ́. Tó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tiẹ̀. Ẹ wá gbé e lé ilẹ̀ tiwa. Pẹ̀lú ìdí-igi, ìdí kejì tí wọn ò ju méjì lọ máa gba ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ìdá kan nínú mẹ́fà gbogbo ilẹ̀, nígbà tí ọmọ ìdí kìíní kọ̀ọ̀kan máa ní ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Pẹ̀lú orí-ò-jorí, ìdí kìíní máa kó márùn-ún nínú mọ́kànlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ẹ̀, ìdí kejì á gba méjì nínú mọ́kànlá. Ṣé ẹ rí i pé kò sí bí wọn ò ṣe ní pariwo. Kò sí ẹni burúkú níbẹ̀, oníkálukú mọ ibi tó ti máa rí jẹ ni.

Sọ́véyọ̀ yìí náà ló ní ká lọ rí lọ́yà, lọ́yà yẹn ló sì la ọ̀rọ̀ náà fún wa. Ó ní irú ẹjọ́ yìí ti délé ẹjọ́ rí, pé ọkùnrin kan wà l'Ékòó, Súbérù Dáwódù, ó kú ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, ìjà yìí kan náà ló bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní kí wọ́n pín in lórí-ò-jorí, ilé ẹjọ́ gíga tó ga jù nílẹ̀ yìí nígbà yẹn yí i padà ní 1958, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn adájọ́ Privy Council ní London, ìyẹn náà sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 1962 pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, kò sì burú lójú òfin, àmọ́ tí ìjà bá wà lórí bí wọ́n ṣe máa pín in, olórí ẹbí láṣẹ láti sọ pé kó jẹ́ orí-ò-jorí. Nígbà tí lọ́yà sọ ìyẹn tán, gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ olórí ẹbí.

Olórí ẹbí wa, obìnrin ni. Ìyá Aláṣọ là ń pè wọ́n, àwọn ló dàgbà jù nínú àwọn ọmọ bàbá àgbà tó ṣì wà láyé, ìdí kìíní sì ni wọ́n ti wá. Bọ̀ọ̀dá kan ti kọ́kọ́ fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ pé ṣé obìnrin ló máa pàṣẹ lórí ilẹ̀ ni, lọ́yà ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, pé láti 1908 ni kóòtù Èkó ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole pé tí dáwódù, ìyẹn ọmọkùnrin tó dàgbà jù, bá ti kú, ọmọ tó bá dàgbà jù tẹ̀ lé e náà ló yẹ nípò olórí ẹbí, ó lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún ìpín náà o, ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin dọ́gba nínú ogún bàbá wọn nílẹ̀ Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀tàn gba ti ìyá yín lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ kí àwọn obìnrin tó ń ka èyí mú un lọ́wọ́ dáadáa.

Ìyá Aláṣọ ò tiẹ̀ ronú pẹ́. Wọ́n ní "Oko yìí, ìyá mẹ́ta ló bá bàbá wa ro ó. Ìpín mẹ́ta ni kó jẹ́." Àwọn àbúrò wọn ọmọ ìyá kan náà kùn, torí wọ́n mọ̀ pé ohun tí wọ́n pàdánù kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n gbè sẹ́yìn ara wọn. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé, wọn ò fẹ́ ru igbá kankan. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta buwọ́ lù ú, àwọn tó ń ṣojú àwọn olóògbé buwọ́ lù ú, ẹni tó wà ní Manchester gbọ́ gbogbo ẹ̀ lórí WhatsApp. Kọ́pì ẹ̀ la fi ránṣẹ́ sí sọ́véyọ̀, ìgbà yẹn ló tó gbé irinṣẹ́ dé.

Ààlà yíká ló kọ́kọ́ wọ̀n. Ó ní ká pe gbogbo àwọn tó bá wa pààlà kí wọ́n wá bá wa rìn ín, wọ́n sì wá, wọ́n ń tọ́ka sí àwọn pèrègún tí àwọn bàbá wọn àti bàbá wa jọ gbìn, àwọn mìíràn nínú ẹ̀ ti di igi ńlá. Níbi tí pèrègún ti kú, wọ́n fẹnu kò lójú ẹ̀ níbẹ̀ kó tó fi GPS ẹ̀ gba àmì. Nígbà tó yá ó gbé nǹkan tó wọ̀n lọ sí ọ́fíìsì Sọ́véyọ̀ Jẹ́nẹ́rà ní Sẹkitéríàtì l'Ágodi láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti sàmì sí apá kankan níbẹ̀. Ẹ má fojú kéré èyí o. Òfin ilẹ̀ 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà, tí ìjọba bá sì ti gba ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún ojú irin tàbí títì, ẹ lè pín in pín in kẹ́ ẹ sì máa jìjàkadì lórí ohun tí kì í ṣe tiyín mọ́. Ti wa yọ, kò sí nǹkankan níbẹ̀, a dúpẹ́.

Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 12,400 sikúwéà mítà. Ohun tí wọ́n ti ń pè é láti kékeré wa ni éékà mẹ́rin, àṣé éékà mẹ́ta lé díẹ̀ ni. Nǹkan míì tó tún ń dá ìjà sílẹ̀ nìyí, tí sọ́véyọ̀ yìí sì yanjú ẹ̀ kíá: pílọ́ọ̀tì táwa ará Ìbàdàn ń pè ní pílọ́ọ̀tì, ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ sí àádọ́ta ni, bíi 464 sikúwéà mítà, ṣùgbọ́n àwọn tó wá láti Èkó, ọgọ́fà ẹsẹ̀ sí ọgọ́ta ló wà lórí wọn, ìyẹn ju 660 lọ. Ẹni tó ń ka ti Ìbàdàn ń retí pílọ́ọ̀tì 26, ẹni tó ń ka ti Èkó ń sọ pé kò lè ju 18 lọ, wọ́n ti ń fura síra wọn pé ẹnì kan ti jí ilẹ̀ tà. Ó ní látòní lọ kí ẹnikẹ́ni má pe pílọ́ọ̀tì mọ́ nípàdé yìí, mítà nìkan la ó máa kà. Bí ìjà yẹn ṣe tán nìyẹn.

Kó tó pín nǹkankan, ó kọ́kọ́ yọ ohun tí ò ṣeé pín kúrò. Ọ̀nà tó máa wọ inú ilẹ̀ láti ojú títì títí dé ìsàlẹ̀, mítà mẹ́sàn-án ní fífẹ̀, 130 ní gígùn, 1,170 nìyẹn. Ilé bàbá àgbà àti sàréè ẹ̀, 600, ti gbogbo ẹbí ni títí láé, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á. Etí odò tí ò yẹ kéèyàn kọ́lé sí, 430. Ohun tó wá kù jẹ́ 10,200. Àwọn kan ń kùn sí ọ̀nà yẹn pé ó fẹ̀ jù, pé mítà márùn-ún tó. Ó mú wọn lọ sí ibì kan tí ò jìnnà síbẹ̀ táwọn ẹbí kan ti fi mítà mẹ́ta ṣọ̀nà, níbi tí ọkọ̀ tó gbé yanrìn ò lè wọlé, tí wọ́n ń fi bárò kó o. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ó ní bí ilẹ̀ bá tóbi bákan náà kò sọ pé iye kan náà ni. Ó pín ilẹ̀ wa sí ọ̀nà mẹ́ta: ojú títì, àárín, àti àkúrọ̀ ìsàlẹ̀. Ó ní ká lọ wádìí iye tí wọ́n ta ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láìpẹ́, kí ìdí kọ̀ọ̀kan rán ẹni tiẹ̀ lọ kó má bàa jẹ́ ẹnu ẹnì kan la ó gbà gbọ́. Èsì tí wọ́n mú bọ̀ jọra, pé ojú títì tó ìlọ́po méjì àárín, àkúrọ̀ sì jẹ́ ìdajì àárín. Ló bá sọ ọ́ di máàkì. Sikúwéà mítà kan lójú títì, máàkì méjì. Láàárín, máàkì kan. Ní àkúrọ̀, ààbọ̀ máàkì. Ojú títì jẹ́ 2,400, ó di máàkì 4,800. Àárín jẹ́ 4,800, máàkì ẹ̀ náà jẹ́ 4,800. Àkúrọ̀ jẹ́ 3,000, ó di 1,500. Ẹ pa á pọ̀, 11,100. Ẹ pín in sí mẹ́ta, ìdí kọ̀ọ̀kan ní máàkì 3,700, kí oníkálukú wá mú un láti ibi tó bá wù ú.

Ẹ ò rí i bí ìyẹn ṣe tu gbogbo èèyàn lára! Torí ohun tá a fẹ́ ò jọra. Ìdí kìíní fẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ojú títì ló wù wọ́n, wọ́n mú 1,200 níbẹ̀ àti 1,300 láàárín, máàkì 3,700. Ìdí kejì fẹ́ kọ́lé gbé, wọ́n mú 600 lójú títì àti 2,500 láàárín, 3,700. Àwa ìdí kẹta, àwọn bọ̀ọ̀dá wa ti gbẹ́ kòtò ẹja sísàlẹ̀, ẹ̀fọ́ màmá mi wà níbẹ̀, a mú 600 lójú títì, 1,000 láàárín àti gbogbo 3,000 tó wà ní àkúrọ̀, 3,700. Kò ṣẹ́ kù, kò lé.

Ariwo tún sọ díẹ̀ o. Ẹnì kan nínú ìdí kìíní ṣírò ẹ̀ ó ní àṣé ilẹ̀ wa jẹ́ 4,600 tiwọn sì jẹ́ 2,500, pé wọ́n ti rẹ́ àwọn jẹ. Sọ́véyọ̀ ò bínú. Ó fi ohùn sílẹ̀ lórí WhatsApp ẹbí, Yorùbá tó já gaara, pé tẹ́ ẹ bá pa màlúù tí ẹ sì fún ẹnì kan ní àyà ẹran, ẹ fún ẹnì kejì ní egungun, ṣé ẹ máa ní kí ìwọ̀n wọn dọ́gba? Ó wá ní tí ìdí kìíní bá fẹ́, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo tiwọn pẹ̀lú tiwa, ó ti ṣe tán láti tún láìnì fà. Wọ́n lọ ronú sí i, wọn ò pààrọ̀. Ohùn yẹn ṣì wà lórí fóònù mi, mo ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí míì.

Bọ̀ọ̀dá wa kan ti kọ́lé sáàárín ilẹ̀ yẹn tipẹ́, wọ́n sì bẹ̀rù pé ẹlòmíì ló máa bọ́ sí. Ó fa láìnì kí ilé yẹn lè bọ́ sínú ìpín ìdí tiwọn, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ilé ò sí nínú ìṣirò, owó wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ wà nínú máàkì bíi ti gbogbo ilẹ̀ yòókù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹbí míì máa ń jẹ́ kí ẹni tó bá ti kọ́lé kó ibẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́ kó tún wá pín nínú ìyókù, ìyẹn sì máa ń dun àwọn tí ò rówó kọ́lé ní kíákíá.

Nígbà tó kan pínpín láàárín ìdí kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbà. Ìdí kejì tí wọ́n jẹ́ méjì, ó ní kí ẹ̀gbọ́n pín in sí ọ̀nà méjì bó ṣe wù ú, kí àbúrò tó wà ní Manchester kọ́kọ́ mú. Ẹ̀gbọ́n wọn fara balẹ̀ pín in gan-an ni, torí kò mọ èwo ló máa kù fún òun. Tiwa, a jẹ́ mẹ́rin, ó pín in sí mẹ́rin pẹ̀lú máàkì, ó kọ nọ́ńbà sí bébà, ọmọ kékeré kan bá wa mú un níṣojú gbogbo èèyàn. Ìdí kìíní ló yàtọ̀. Wọ́n fẹ́ kó pín 1,300 tó wà láàárín sí márùn-ún, ó ní 260 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ò tó ìdajì pílọ́ọ̀tì Èkó, díẹ̀ ló sì fi ju ìdajì ti Ìbàdàn lọ, pé ilé wo lẹ fẹ́ kọ́ síbẹ̀ tí atẹ́gùn máa wọ̀. Ó gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n má pín in, kí wọ́n jọ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sójú títì kí wọ́n máa pín owó ẹ̀ dọ́gba, kí wọ́n sì kọ àdéhùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ lọ́yà. Pílánì márùn-ún ló yẹ kó gbowó ẹ̀ níbẹ̀, ẹyọ kan ló wá gbowó ẹ̀. Òṣìṣẹ́ mélòó ló máa sọ ohun tó máa dín owó tiẹ̀ kù?

Ó wá kan ibi tí ò ti dára tó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀, nígbà tí wọ́n ń gé láìnì kí wọ́n lè rí òpin ààlà, wọ́n bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ aládùúgbò wa lulẹ̀ láì sọ fún un, àwa la lọ tọrọ àforíjì tá a sì sanwó ẹ̀. Ó yẹ kí òun fúnra ẹ̀ ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n tó gbé àdá. Bíkìn náà, ìyẹn òpó kékeré tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti fi sàmì ààlà, àwọn tó wà ní àkúrọ̀ ò yọrí tó, òjò àkọ́rọ̀ ti bo méjì nínú wọn, ó di ọjọ́ tá a pè é kó tó rán wọn wá tún un ṣe. Ó tún máa ń pẹ́. Ọjọ́ tó bá dá fún yín pé pílánì máa jáde, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kún un. Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo ohun tó wà lórí pílánì, àwọn àgbà wa ò lè kà á, ó di pé kí èmi jókòó ti Ìyá Aláṣọ kí n máa fi ìka tọ́ka láìnì kọ̀ọ̀kan fún wọn. Bó ṣe fi Yorùbá ṣàlàyé máàkì yẹn, ó yẹ kó ṣe bébà kan ní Yorùbá pẹ̀lú, tí àwọn tó fẹ́ buwọ́ lù ú á lè kà fúnra wọn.

Ní ti owó, owó ẹ̀ ò kéré, kò sì wọ́n jù. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín bíìlì ẹ̀ sí, wíwọn ààlà yíká, pínpín, àti pílánì ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìdí kọ̀ọ̀kan sì san ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn méjì àkọ́kọ́, oníkálukú san ti pílánì tiẹ̀. Mi ò ní kọ iye ẹ̀ torí bí ilẹ̀ ṣe tóbi sí àti ibi tó wà ló ń sọ owó, yóò sì ti yí padà kẹ́ ẹ tó ka èyí. Ohun tó dùn mí ni pé kò sọ fún wa látìbẹ̀rẹ̀ pé owó lọ́yà àti owó ìforúkọsílẹ̀ ìwé ìpín yàtọ̀ sí tiẹ̀. Àwọn kan ti ná owó wọn tán kí ìyẹn tó dé. Ẹ béèrè gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Kẹ́ ẹ sì béèrè nọ́ńbà ẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, àjọ tó ń forúkọ àwọn sọ́véyọ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, torí ẹni tí ò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kò lè bá yín fi kọ́pì pupa, ìyẹn kọ́pì pílánì tí ìjọba máa ń tọ́jú, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, pílánì tí kọ́pì pupa ẹ̀ ò sì sí níbẹ̀, ẹ fi máa wé ẹ̀pà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé bíkìn tó wà nílẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀. Lọ́yà ní tí kò bá tíì sí ìwé ìpín tí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí, ó máa ṣòro láti fi hàn pé wọ́n ti pín ilẹ̀ náà tán, wọ́n sì lè máa kà á sí ilẹ̀ ẹbí, kódà kó o ti kọ́lé sórí ẹ̀, ìwé yẹn ló máa fi hàn pé ìpín oníkálukú ti di tiẹ̀ tí ọmọ ẹ̀ lè jogún. Ìdí kìíní àti ìkejì ti gba pílánì wọn, kọ́pì pupa wọn ti wà l'Ágodi, mo fojú ara mi rí ìwé tí wọ́n fi gbà á wọlé. Tiwa ṣì wà lọ́wọ́ sọ́véyọ̀ nítorí àwọn bíkìn tí òjò bò yẹn. Ìwé ìpín gan-an wà lọ́dọ̀ lọ́yà, àwọn tó wà nílé ti fọwọ́ sí i, ó ku ẹni tó wà ní Manchester tó máa fọwọ́ sí tiẹ̀ níwájú nótárì kó tó fi ránṣẹ́ padà. Tó bá ti dé, tí wọ́n sì ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, màá wá fi kún un níbí bó ṣe lọ àti iye ọ̀sẹ̀ tó gbà.